Ètò Afinimọ̀nà Láàárín Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì: Ohun Tó Jẹ́, Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣe É, àti Ibi Tó Ti Máa Ń Bàjẹ́

Bí yunifásítì bá ti gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wọlé, ì báà jẹ́ FUTA ní Àkúrẹ́, ì báà jẹ́ UNIMED tàbí Adéyẹmí ní Oǹdó, ọ̀rọ̀ mentorship, ìyẹn ètò afinimọ̀nà, á gba orí WhatsApp kan. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka yóò ní àwọn ní i. Ẹgbẹ́ ìjọ yóò ní tàwọn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ta handout náà yóò fi orúkọ yẹn pe ọjà rẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò forúkọ sílẹ̀ níbi mẹ́ta, kò sì ní mọ ohun tó tọ́ kó béèrè lọ́wọ́ èwo. Òbí tó wà nílé yóò máa dààmú pé ta ni "ẹ̀gbọ́n" tí ọmọ òun ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Ojúlówó ètò afinimọ̀nà kò díjú. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yóò yan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti lo ọdún kan tàbí méjì nílé-ìwé, yóò kọ́ wọn ní iṣẹ́ náà, yóò fi akẹ́kọ̀ọ́ tuntun mẹ́rin sí mẹ́fà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, yóò sì dá ọjọ́ ìpàdé. Ohun méjì péré ni iṣẹ́ afinimọ̀nà. Èkíní, kó sọ fún ọmọ tuntun àwọn nǹkan tí gbogbo èèyàn rò pé ó ti mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un. Èkejì, nígbà tí wàhálà bá fẹ́ yọjú, kó tètè rán an sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wà níkàáwọ́ rẹ̀. Kì í ṣe olùkọ́, kì í ṣe òbí, kò sì ní àṣẹ lórí ẹnikẹ́ni. Ètò tó bá di ẹrù tó ju èyí lọ rù ú ló máa ń tú ká láàárín oṣù méjì, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ ni òun náà, ó ní ìdánwò tirẹ̀.

Àwọn tí wọ́n máa ń ṣì í mú fún

Level adviser jẹ́ olùkọ́ tí ẹ̀ka fi ṣe alábòójútó kíláàsì kan. Òun ló ń yẹ course form (fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì) wò tó sì ń fọwọ́ sí i, òun ló máa mọ̀ bí unit akẹ́kọ̀ọ́, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, bá pọ̀ jù tàbí tó kéré jù. Afinimọ̀nà kò lè fọwọ́ sí ìwé kankan. Ohun tó lè ṣe ni kó bá ọmọ yẹ fọ́ọ̀mù náà wò kó tó gbé e lọ, kí wọ́n má baà dá a padà, kó sì sọ ọjọ́ àti wákàtí tí level adviser máa ń wà ní ọ́fíìsì fún un.

Tutorial yàtọ̀. Ẹni tó ń ṣe tutorial ń kọ́ni ní kọ́ọ̀sì kan: ó ń yanjú ìbéèrè MTH 101 tàbí PHY 101 lójú pátákó, ọgọ́rùn-ún èèyàn sì lè jókòó síwájú rẹ̀. Èyí tó lókìkí jù nínú irú rẹ̀ ni Supplemental Instruction, tí Deanna Martin dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Missouri ní Kansas City, Amẹ́ríkà, ní 1973. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ni pé kò tọ́ka sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀wé. Kọ́ọ̀sì tó le ló tọ́ka sí, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fìdí rẹmi nínú rẹ̀, ó sì ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ẹni tó ń ṣe kọ́ọ̀sì náà. Ojú kì í wá ti ẹni tó bá lọ. Ó yẹ kí àwọn tó ń ṣe ètò afinimọ̀nà jí ọgbọ́n yìí lò: gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ni kẹ́ ẹ pín, ẹ má dúró de ẹni tó ń jà raburabu. Ní kété tí ẹ bá lẹ ìwé mọ́ ògiri pé "fún àwọn tó nílò ìrànlọ́wọ́", àwọn tó nílò rẹ̀ gan-an ni kò ní yọjú.

Course rep ń gbé ìròyìn láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ sí kíláàsì, ó parí síbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn nínú ọgbà, bíi MSSN ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí àti oríṣiríṣi fellowship àwọn Kristẹni, ti ń gba ọmọ tuntun lálejò tipẹ́tipẹ́. Wọ́n ń bá wọn wá ibi tí wọ́n máa sùn, wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ, wọ́n ń ṣe tutorial fún wọn. Iṣẹ́ ńlá ni, kò sì yẹ kí ètò ẹ̀ka bá wọn du èèyàn. Àmọ́ ẹni tó bá wá sí ìpàdé wọn ni wọ́n lè rí. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nìkan ló ní orúkọ gbogbo ẹni tó gba admission sínú kíláàsì náà lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ètò yìí fìdí kalẹ̀ sí ẹ̀ka.

Ìṣirò tó mú kí ìbẹ̀rẹ̀ sẹ̀mẹ́sítà ṣe pàtàkì

Ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun gbà pé 100 level, ìyẹn ọdún kìíní, jẹ́ ọdún ìmójúkúrò, pé iṣẹ́ gan-an ń bọ̀ níwájú. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n 5 tí ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà ń lò, A jẹ́ 5, B jẹ́ 4, C jẹ́ 3, D jẹ́ 2, F jẹ́ 0. A ó fi iye lẹ́tà náà ṣe ìlọ́po unit kọ́ọ̀sì, a ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó wá fi àpapọ̀ unit pín in. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe kọ́ọ̀sì mẹ́rin: ó gba A nínú kọ́ọ̀sì onípele unit 3, ìyẹn 15; ó gba C nínú òmíràn tó jẹ́ unit 3, ìyẹn 9; ó gba B nínú unit 2, ìyẹn 8; ó sì gba F nínú unit 2 tó kẹ́yìn, ìyẹn òdo. Àpapọ̀ jẹ́ 32, unit jẹ́ 10, GPA rẹ̀, ìyẹn ohun tí a rí lẹ́yìn pípín, jẹ́ 3.20. Second class lower nìyẹn, tó bẹ̀rẹ̀ láti 2.40 dé 3.49. Ká ní C ló gba níbi tó ti gba F, àpapọ̀ á di 38, GPA á di 3.80, ó ti wọ second class upper. Kọ́ọ̀sì kékeré kan ló fa gbogbo ìyàtọ̀ yẹn.

Èyí tó tún wá le jù: ẹni tó fi 2.00 parí sẹ̀mẹ́sítà kìíní pẹ̀lú unit 20, tó fẹ́ kí CGPA òun, ìyẹn GPA gbogbo sẹ̀mẹ́sítà pa pọ̀, di 3.50 lópin ọdún, gbọ́dọ̀ gba 5.00 gbáko nínú unit 20 ti sẹ̀mẹ́sítà kejì. A ní gbogbo kọ́ọ̀sì, kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Ó ṣì lè gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ ní ọdún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ó ti gbé ẹrù wọ ojú ọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, F 100 level kì í sábà jẹ́ àìmọ̀wé. Ọmọ kan jókòó ní kíláàsì láti ọ̀sẹ̀ kìíní dé ìkẹyìn, ó kọ ìdánwò, kò rí àbájáde, nítorí kò fi kọ́ọ̀sì náà sínú ìforúkọsílẹ̀ orí portal. Òmíràn kò mọ̀ pé wọ́n ti sún tẹ́ẹ̀sì láti ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́rú, nítorí kò sí nínú ẹgbẹ́ WhatsApp tí wọ́n ti kéde rẹ̀. Bí tẹ́ẹ̀sì náà bá jẹ́ máàkì 30, ó di dandan kó wá gbogbo máàkì tó máa fi yege nínú 70 tó kù. Òmíràn kò tíì gbọ́ rí pé ẹni tí kò bá pé ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún kíláàsì lè má jókòó fún ìdánwò. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí tí ọmọ 200 level kò lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ, bó bá ti sọ ọ́ lásìkò.

Ta ni kẹ́ ẹ yàn?

Ẹ fi ẹ̀ka tó gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun 120 ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹ bá pín wọn ní márùn-ún márùn-ún, afinimọ̀nà 24 lẹ nílò. Ẹ yan 28, torí pé àwọn kan yóò jáwọ́, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ mú wọn láti 200 level àti 300 level. Ẹ má mú ẹni tó wà ní ọdún àṣekágbá, project kò ní jẹ́ kó ráyè. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, ọmọ 400 level náà ń lọ fún SIWES, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́, olóṣù mẹ́fà ní sẹ̀mẹ́sítà kejì. Bí ẹ bá yàn án, ọmọ márùn-ún ló máa fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà nígbà tó bá gba ìlú mìíràn lọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú yíyàn ni kí wọ́n to orúkọ láti orí CGPA tó ga jù sísàlẹ̀. Ẹni tó ní 4.80 lè jẹ́ afinimọ̀nà gidi, àmọ́ ó tún lè jẹ́ ẹni tí nǹkan kò le fún rí, tí kò sì ní mọ ohun tí ẹlòmíràn ń rí. Ẹni tó gbé carryover kan (kọ́ọ̀sì tó fìdí rẹmi nínú rẹ̀, tó gbọ́dọ̀ tún ṣe) ní 100 level, tó sì yanjú rẹ̀, mọ ọ̀nà ọ́fíìsì exam officer, olùkọ́ tó ń bójú tó àbájáde ìdánwò, ó mọ bí ojú ṣe ń rí lọ́jọ́ tí àbájáde jáde, ó sì lè sọ fún ọmọ tuntun pé kò tíì tán. Ẹ gbé irú wọn mọ́ àwọn tó mọ̀wé jù. Ẹni tí ìwé tirẹ̀ ṣì ń mì lọ́wọ́lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, fún àǹfààní òun gan-an.

Nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìbéèrè kan ṣoṣo ń fi èèyàn hàn ju gbogbo rẹ̀ lọ: "Ọmọ kan nínú àwọn tirẹ kò wá sí ìpàdé lẹ́ẹ̀mejì, kò sì gbé fóònù. Kí lo máa ṣe?" Ẹni tó bá sọ pé òun yóò fi í sílẹ̀ nítorí òun náà ti dàgbà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó máa lọ. Ẹni tó ní òun yóò lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lálẹ́, ẹ ṣọ́ra fún un. Ẹni tó ní òun yóò bi àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe kíláàsì, lẹ́yìn náà òun yóò sọ fún alákòóso, òun lẹ ń wá.

Ẹ kọ́ wọn ní ọ̀sán méjì, wákàtí mẹ́ta lọ́ọ̀kan. Ọ̀sán kìíní jẹ́ ti bí a ṣe ń fetí sílẹ̀, àti ààlà iṣẹ́ náà. Kí wọ́n ṣe é bí eré: kí ọ̀kan ṣe ọmọ tuntun tí bàbá rẹ̀ kò rí owó ilé-ìwé san, kí ẹnìkejì gbìyànjú láti má fún un nímọ̀ràn fún ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní lè dúró dé ìṣẹ́jú kejì. Ọ̀sán kejì jẹ́ ti ìwé olójú kan tí gbogbo wọn máa mú dání: level adviser, akọ̀wé HOD (olórí ẹ̀ka), exam officer, ibi tí wọ́n ti ń yanjú ọ̀rọ̀ portal, ilé ìwòsàn inú ọgbà, ẹ̀ka agbaninímọ̀ràn, Student Affairs (ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́), àti ẹ̀ṣọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ilé tó wà, wákàtí tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, àti nọ́ńbà fóònù. Lọ́dọọdún ni kí ẹnìkan fi ẹsẹ̀ rìn yí gbogbo rẹ̀ ká kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé tó bá rán ọmọ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti kó kúrò, ó ti jẹ́ kí ìgbẹ́kẹ̀lé bàjẹ́.

Kí ọ̀rọ̀ NELFUND wà nínú ìwé yẹn pẹ̀lú. Ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti ìjọba àpapọ̀ ni, kò ní èlé, ní 2024 ni wọ́n ṣí portal rẹ̀. Owó ilé-ìwé máa ń lọ sí àpò yunifásítì tààrà. Ẹni tó bá béèrè owó ìgbọ́bùkátà ni wọ́n ń san tirẹ̀ sínú àkáǹtì rẹ̀. Afinimọ̀nà kò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni kún fọ́ọ̀mù náà, kò sì gbọ́dọ̀ gba BVN ẹnikẹ́ni sọ́wọ́. Kó kàn sọ fún wọn pé kí orúkọ àti ọjọ́ ìbí wọn bára mu lórí NIN, BVN àti JAMB kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìbéèrè ti ń há.

Pínpín wọn, àti ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí

Ẹ pín wọn nípa kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń kà, lẹ́yìn náà nípa ibi tí wọ́n ń gbé. Àwọn tó ń gbé ìta ọgbà, bíi ní àgbègbè North Gate, South Gate tàbí Aulẹ̀ nítòsí FUTA, kì í fẹ́ dúró de ìpàdé ìrọ̀lẹ́ nítorí ọkọ̀. Bí afinimọ̀nà wọn bá ń gbé apá ibẹ̀, wọ́n á jọ rìn lọ, ọ̀rọ̀ á sì máa wáyé lójú ọ̀nà. Obìnrin tó bá fẹ́ obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ fún un láì béèrè ìdí.

Ibi tí ìlànà tí wọ́n kọ nílẹ̀ òkèèrè kò ti lè ràn wá lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Ọmọ ọdún 19 ní 200 level lè bá ẹni ọdún 26 ní 100 level, ẹni tó ti ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mẹ́rin, tó ti kọ́ṣẹ́ ọwọ́, tàbí tó ti bímọ. Ta ni yóò pe ta ni ní ẹ̀gbọ́n? Bí wọn kò bá yanjú rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, àgbà náà yóò máa yẹ ìpàdé sílẹ̀, á máa ní ọwọ́ òun dí. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí afinimọ̀nà fi "ẹ" bá ẹni tó jù ú lọ sọ̀rọ̀, kó pè é ní bọ̀dá tàbí àǹtí bó ṣe yẹ, kó sì là á mọ́lẹ̀ pé ọ̀nà ilé-ìwé nìkan ni òun fẹ́ fi hàn wọ́n. Lóòótọ́ ni ọmọdé kò lè ní àkísà tó àgbà, àmọ́ àkísà 100 level, ọmọ ọdún 19 yẹn ló ni ín.

Àwọn tó gba Direct Entry wọlé ni ètò máa ń gbàgbé jù, àwọn sì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ẹni tó gba ND ní Rufus Giwa Polytechnic ní Ọ̀wọ̀, tàbí tó ní NCE, ń wọ 200 level tààrà. Kò rí ìkíni káàbọ̀ àwọn 100 level, àwọn tó bá ní kíláàsì sì ti mọ ara wọn fún ọdún kan. Ó tún lè ní kọ́ọ̀sì gbogboògbò ti 100 level tó gbọ́dọ̀ padà lọ ṣe, tí àkókò rẹ̀ sì ń forí gbárí pẹ̀lú ti 200 level. Ẹ wá ẹni tó gba Direct Entry wọlé lọ́dún tó kọjá fún wọn. Bí kò bá sí, ẹ fún wọn ní ọmọ 300 level.

Ìṣòro kejì nínú ọ̀wọ̀ ni ti ọmọ kékeré tí kò lè sọ fún ẹ̀gbọ́n pé òun kò gbọ́ ohun tó sọ. Ẹ bi í pé "Báwo ni ilé-ìwé?", á ní "A dúpẹ́." Ẹ bi í pé "Ṣé ó ti yé ẹ?", á ní "Ó ti yé mi, sà." Kò purọ́, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé pé kó dá àgbà lóhùn nìyẹn. Nítorí náà, ìbéèrè tí afinimọ̀nà máa bi gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí "a dúpẹ́" kò lè dáhùn. "Jẹ́ ká wo course form ẹ." "Kíláàsì wo ni o kò lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá?" "Ìwé kọ́ọ̀sì wo ni o kò tíì ní?" "Fi ibi tí o kọ ọjọ́ tẹ́ẹ̀sì sí hàn mí." Ohun tí ojú rí ni ọ̀rọ̀ ń ti inú rẹ̀ jáde.

Kí wọ́n sì ṣọ́ra lórí èdè. Ó dùn kéèyàn fi Yorùbá tú ọ̀rọ̀ palẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ara tuni, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá wà láàárín wọn tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá, kí wọ́n máa sọ èyí tí òun náà gbọ́. Ẹni tí wọ́n ń fi èdè tí kò gbọ́ rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní padà wá.

Láti ọ̀sẹ̀ kìíní dé ìdánwò

Kí ìpè àkọ́kọ́ wáyé kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, ohùn kan lórí fóònù, kì í ṣe àtẹ̀jíṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí wọ́n pàdé lójúkojú kí wọ́n sì fẹsẹ̀ rin inú ọgbà: gbọ̀ngàn tí kíláàsì ti ń wáyé, ilé ìkàwé, ilé ìwòsàn, ọ́fíìsì ẹ̀ka. Ní FUTA, kí ìrìn náà kan Ọ̀bánlá àti Ọbákékeré méjèèjì, torí ọmọ tó bá ń wá gbọ̀ngàn ní apá kan nígbà tó jẹ́ apá kejì ló wà yóò pàdánù kíláàsì kó tó débẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì jẹ́ ti ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì nìkan. Kí olúkúlùkù mú ìwé tó tẹ̀ jáde láti orí portal wá, kí wọ́n fi wé àkójọ kọ́ọ̀sì tí ẹ̀ka fi síta, ìlà kan sí èkejì. Ìpàdé yẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ètò náà, kò sì gbọ́dọ̀ yẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ títí dé ọ̀sẹ̀ kẹfà, nígbà tí tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ keje, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ti tó. Ìpàdé kò gbọ́dọ̀ ju ogójì ìṣẹ́jú lọ: kí olúkúlùkù sọ ohun kan tó há a, kí wọ́n yanjú èyí tí wọ́n lè yanjú, kí afinimọ̀nà kọ èyí tó gbọ́dọ̀ lọ sí ọ́fíìsì, kí wọ́n mú ọjọ́ míì. Ìpàdé wákàtí méjì tó kún fún ọ̀rọ̀ ìwúrí dára fún ọjọ́ kan, ẹ̀ẹ̀kejì rẹ̀ ni kò sẹ́ni tó máa wá.

Ìpàdé kan tí ọ̀pọ̀ ètò kò ní, tó sì yẹ kó wà, ni ti ọ̀sẹ̀ tí àbájáde sẹ̀mẹ́sítà kìíní jáde. Nígbà yẹn ni ojú ń ti ọmọ jù, nígbà yẹn náà ló máa ń pa fóònù. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n ṣírò GPA pa pọ̀ bí a ṣe ṣe é lókè yẹn, kí wọ́n sì kọ kọ́ọ̀sì tó gbọ́dọ̀ tún ṣe àti sẹ̀mẹ́sítà tó máa tún un ṣe sílẹ̀.

Ààlà

Owó kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Afinimọ̀nà kì í yáni lówó, kì í yáwó, kì í gba owó kíláàsì, kì í ta handout fún àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí tó máa ń yọ́ wọlé jù ni ọ̀rọ̀ ilé: ọmọ tuntun ń wá yàrá, ẹ̀gbọ́n mọ agent kan, agent náà sì ń fún ẹ̀gbọ́n ní ohun díẹ̀. Lọ́jọ́ tí omi bá wọ yàrá yẹn, gbogbo ìmọ̀ràn tó ti gbà á rí ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí. Kó sọ àdúgbò tí omi wà àti ibi tí ọkọ̀ ti rọrùn, kó má mú agent wá.

Ibi tí gbogbo èèyàn ń kọjá ni kí wọ́n ti máa pàdé, ní ọ̀sán, kì í ṣe nínú yàrá ẹnikẹ́ni. Bí ìfẹ́ bá wọ àárín afinimọ̀nà àti ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí afinimọ̀nà sọ fún alákòóso, kí wọ́n gbé ọmọ náà sábẹ́ ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Bó bá jẹ́ pé ó ń fi ipò rẹ̀ yọ ẹnìkan lẹ́nu, kí wọ́n yọ ọ́, kí ẹjọ́ sì lọ sí ẹ̀ka.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń bẹ̀rù ẹgbẹ́ òkùnkùn, ẹ̀rù yín tọ́. Bí ẹ ṣe máa dá ojúlówó mọ̀ rèé. Orúkọ afinimọ̀nà wà lọ́wọ́ ẹ̀ka, ẹ sì lè béèrè rẹ̀ ní ọ́fíìsì HOD. Kò sí ìpàdé òru, kò sí ìbúra, kò sí owó ìwọlé, kò sí ohun tí wọ́n ní kí ọmọ má sọ nílé. Ọjọ́ tó bá wù ú ló lè jáde, kò sì ní ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀kan nínú èyí bá yẹ̀, kí ọmọ kúrò níbẹ̀, kó sì sọ fún Student Affairs.

Àṣírí gbọ́dọ̀ bò, àyàfi nínú ohun mẹ́ta: bí ọmọ bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, bí ẹnìkan bá ń ṣe é níkà, àti bó bá fẹ́ pa ẹlòmíràn lára. Lọ́jọ́ kìíní ni kí afinimọ̀nà ti sọ èyí fún wọn, kó má di pé ó dalẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kó má dá gbé e. Kó dúró ti ọmọ náà, kí wọ́n jọ lọ sí ilé ìwòsàn ọgbà tàbí ọ̀dọ̀ agbaninímọ̀ràn lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ òru, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì, kó sì pe ẹ̀ṣọ́ ọgbà pẹ̀lú.

Ohun tó ń pa ètò náà

Èkíní ni àìsí ẹni tó ń bójú tó àwọn afinimọ̀nà fúnra wọn. Fún afinimọ̀nà 28, ẹ yan alákòóso mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan mójú tó méje. Lọ́jọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, kí afinimọ̀nà fi ìlà mẹ́ta ránṣẹ́: ta ló wá, ta ni kò wá, kí ló ju agbára mi lọ. Ẹni tí kò bá fi ìlà rẹ̀ ránṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí alákòóso pè é. Lọ́pọ̀ ìgbà, òun náà ló wà nínú wàhálà.

Èkejì ni kí gbogbo rẹ̀ di ẹgbẹ́ WhatsApp. Ẹgbẹ́ orí fóònù wúlò fún ìkéde, àmọ́ ọmọ tí nǹkan ń ṣe kì í kọ ọ́ síbẹ̀ níwájú ènìyàn 120.

Ẹ̀kẹta ni ìyanṣẹ́lódì. Ní 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, dá iṣẹ́ dúró láti 14 oṣù kejì dé 14 oṣù kẹwàá. Nígbà tí wọ́n bá padà dé láti irú ìsinmi bẹ́ẹ̀, kàlẹ́ńdà á há, tẹ́ẹ̀sì á sì sáré tẹ̀lé ara wọn. Bí ilé-ìwé bá ti pa, kí ìpè kan lóṣù tó, kí ọwọ́ má baà já sílẹ̀. Bó bá ṣí, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpàdé ìforúkọsílẹ̀, ẹ má gbà pé ẹnikẹ́ni rántí.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́, ẹ béèrè iye ọmọ tó fìdí rẹmi nínú kọ́ọ̀sì tó le jù lọ́wọ́ exam officer, láìsí orúkọ, fún kíláàsì tó ní ètò yìí àti èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ má fi àwọn tó ń wá sí ìpàdé wé àwọn tí kò wá, torí ẹni tó ń wá déédéé lè jẹ́ ẹni tí ì bá yege náà bí kò bá tilẹ̀ sí ètò kankan. Kíláàsì odidi sí kíláàsì odidi ni kẹ́ ẹ fi wé, kẹ́ ẹ sì tún wo ó lọ́dún kejì, nítorí ìdánwò ọdún kan lè le ju ti èkejì lọ.

Àwọn alákòóso máa ń jáde ilé-ìwé pẹ̀lú gbogbo àkọsílẹ̀ lórí fóònù wọn. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án sẹ̀mẹ́sítà kejì, ẹ bi àwọn ọmọ tuntun ọdún yẹn pé ta ló fẹ́ gba iṣẹ́ náà, kí wọ́n bá afinimọ̀nà wọn jókòó ní ìpàdé méjì tó kẹ́yìn, kí ẹ sì fi orúkọ wọn, ìwé olójú kan yẹn àti ìlà mẹ́ta ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ sínú fáìlì kan ní ọ́fíìsì ẹ̀ka kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.